Ìgò Ẹlẹ́rìí Tí Ọkọ Ọmọ Mi Ṣí

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu máa bá ara wọn jà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, tí ẹ ti ń wo ara yín lójú, ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ ọkọ ọmọ mi ni, èèyàn kì í sì í parọ́ mọ́ àna rẹ̀, àfi tí àna náà kò bá sí nítòsí.

Ṣọ́ra ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi rà á. Ọmọdé gbé ife, ó ní "ṣọ́ra." Ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ọmọ mi obìnrin, fẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn, ó ní "ṣọ́ra." Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí mi nílé, mo na ọwọ́ sí i, ọ̀gbẹ́ni kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹyin bóyá ó ti bàjẹ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ tán, ó béèrè ibi tí omi wà. Mo pe ọmọ mi sí kọ̀rọ̀, mo ní, "Ṣé èyí á lè dì mọ́ ọ báyìí?" Ó ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń fọwọ́ ò pọ̀." Òótọ́ ló sọ, mo sì gbà fún un.

Atúnaagoṣe ni bàbá Ṣọ́ra. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó há débi pé bí oníbàárà bá wọlé, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á jáde. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ bí a ti ń mí jẹ́jẹ́, kí ìdè aago tó kéré ju ojú èèrà lọ má baà fò lọ. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago lára fóònù, ṣọ́ọ̀bù kú, Ṣọ́ra sì wá iṣẹ́ lọ sí ilé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti ń wádìí ọ̀rọ̀ ẹja àti ẹranko inú igbó. Ìgò ló kọ́kọ́ ń fọ̀. Láti ibi ìgò fífọ̀, ó dé ibi omi sísẹ́, láti ibi omi sísẹ́, ó dé ìdí ẹ̀rọ. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àga rẹ̀ ti gba àwòrán ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, kí n kàn bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kò sí ohun abẹ̀mí tó ń gbé inú omi tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀. Ìpẹ́ ẹja á bọ́, ara rẹ̀ á yọ̀, á sì yàgbẹ́ síbẹ̀ láìtijú. Nínú gbogbo ohun tó bọ́ lára rẹ̀ yìí ni àmì ìran rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní DNA. Ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n àmì ẹja kì í jọ àmì àkèré, àmì irú ẹja kan kì í sì í jọ ti irú kejì. Nítorí náà wọn kì í kọ́kọ́ ju àwọ̀n. Omi odò ni wọ́n ń bù sínú ìgò. Wọ́n á fi bébà asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n á fọ ohun tó kù lórí bébà náà sínú ike bíńtín, wọ́n á gbé e fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á wá sọ ẹni tó gba inú omi náà kọjá, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń gbóòórùn ẹ̀wù ọkọ tí á sì mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ẹja kan ni wọ́n ń wá nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Onírùngbọ̀n là ń pè é, torí àwọn fọ́nrán tó yọ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ìbílẹ̀, inú odò wa ni wọ́n ti bí baba ńlá rẹ̀. Èkejì jẹ́ àlejò tí wọ́n ń sìn nínú adágún, àgbàrá wó adágún, àlejò rọ́ wọnú odò, ó sì ń jẹ gàba. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Apẹja ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo fura pé àwọn ẹja náà pàápàá máa ń ṣi ara wọn mú. Àmì ìran nìkan ló mọ ẹni tó ni ilé àti ẹni tó jẹ́ àlejò. Gbogbo ayé ti ń sọ pé ti ìbílẹ̀ ti tán, iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò náà sì ni láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Nǹkan kan ló tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìgò kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí. Omi tó mọ́ gaara ló wà nínú rẹ̀, wọn ò bù ú láti odò kankan. Wọ́n á gbé e dé odò, wọ́n á gbé e padà, wọ́n á sẹ́ ẹ bí àwọn yòókù, wọ́n á gbé òun náà fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Bó bá rí ẹja níbẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan dọ̀tí, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà sì di ìdànù. Ní kóòtù, ẹlẹ́rìí tó dákẹ́ ló ń ba ẹjọ́ jẹ́. Níbi iṣẹ́ àna mi, ẹlẹ́rìí tó bá sọ̀rọ̀ ni. Ọwọ́ Ṣọ́ra ni ìgò ẹlẹ́rìí máa ń wà. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ rí.

Ọ̀gá wọn jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí ẹsẹ̀ kan ti kán lára awò ojú rẹ̀, tó fi òwú dúdú so ó kọ́ etí. Ó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ra ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ló kàn. Ó tilẹ̀ ti sọ fún ọmọ mi ibi tí òun máa gbé òdòdó orí tábìlì ọ̀gá sí, torí ó wà nínú afẹ́fẹ́ fèrèsé, ewé ẹ̀ sì ń gbẹ.

Ìgbà náà ni Ọlọ́yàyà dé.

Ọ̀dọ́bìnrin ni, kò tíì pẹ́ tó jáde ní yunifásítì, ẹ̀rín ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ṣọ́ra ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di pìpẹ́ẹ̀tì mú, ohun èlò tí wọ́n fi ń fa omi tí kò tó ẹ̀kán kan. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìgò mìíràn. Ọmọ náà ń kọrin sí imú bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń fi bírò sí etí, á sì máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò ṣì. Ìyẹn ló ká Ṣọ́ra lára. Ì bá ṣe pé ó ń dàárú ni, Ṣọ́ra ì bá fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ.

Owú kì í gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé. Inú ife tíì ló gbà wọlé àna mi. Ọ̀gá máa ń gbé fláàsì tíì wá síbi iṣẹ́. Á bu ife kan fún ara rẹ̀, á bu èkejì fún Ṣọ́ra. Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá bu ife kejì, ó sì gbé e fún Ọlọ́yàyà. Ó bu ti Ṣọ́ra náà o, ṣùgbọ́n ó di ife kẹta. Mo bi àna mi pé báwo ni tíì náà ṣe rí. Ó ní, "Bàbá, tíì yẹn ò dùn láti ìbẹ̀rẹ̀."

Owú tẹ̀lé e délé. Ọmọ mi àti Ọlọ́yàyà ti pàdé ní ọjọ́ kan tó gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ti ń pe ara wọn lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ mi fi fóònù sílẹ̀, tó ní, "Ọmọ yẹn mà dáa o."

Ṣọ́ra ò gbójú sókè nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó ní, "Ó máa ń gbàgbé láti kọ ọjọ́ sára ìgò."

"Mo ní ó dáa ni, Bàbá àwọn ọmọ. Mi ò ní ó ń kọ ọjọ́."

"Ẹni tí kò kọ ọjọ́, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tó dáa?"

Ọmọ mi wò mí, mo wo àwo ọbẹ̀. Àgbà tó bá ti dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya lórí oúnjẹ, kò ní rí ẹran jẹ. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, èmi náà ò ràn án lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá yà lọ́dọ̀ mi, màá bi í pé, "Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín yẹn ńkọ́?" Mo fẹ́ràn bí imú rẹ̀ ṣe máa ń fẹ̀.

Máàpù ńlá kan wà lára ògiri wọn. Ibi gbogbo tí wọ́n bá ti bu omi, wọ́n á gún pín-ìnnì sí i, pupa fún ẹja àlejò, àwọ̀ ewé fún ti ìbílẹ̀. Máàpù náà pupa bí ara ọmọ tí èéyi mú. Ibì kan ṣoṣo ni wọn ò tíì gún, odò kékeré kan tó gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ kọjá. Ṣọ́ra ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ọṣẹ ló ń ṣàn níbẹ̀. Ẹja wo ló fẹ́ máa wẹ̀ tọ̀sántòru?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni.

Ọlọ́yàyà lọ síbẹ̀. Ó gun òkè lọ kọjá ilé ìfọṣọ, lọ sí ibi tí omi náà ti ń sun lábẹ́ àpáta kó tó bá ọṣẹ pàdé. Ó gbé ẹlẹ́rìí tirẹ̀ dání, ó bu omi, ó gbé e wá. Ẹ̀rọ ní onírùngbọ̀n ìbílẹ̀ ni.

Wọ́n ní ọjọ́ náà, ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, kò sì lè so òwú náà padà fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ra bisikíìtì wá. Ṣọ́ra ò jẹ nínú rẹ̀, ó ní eyín ń dun òun. Mo mọ eyín àna mi. Ó lè fi fọ́ èkùrọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ló gbà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kó tó jókòó, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Bàbá, ẹja yẹn ò sí níbẹ̀."

"Ta ló wá wà níbẹ̀?"

"Fìrísà wa ni. Ẹran ara onírùngbọ̀n ìbílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti tọ́jú láti ayé ọjọ́un, òun la fi ń ṣe àfiwé. Bí bíńtín rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ èèyàn, tí onítọ̀hún sì fọwọ́ kan omi, ẹ̀rọ á ní òun rí ẹja nínú odò."

"Ṣé o rí i tó fọwọ́ kan ẹran náà?"

"Mi ò rí i."

"Ẹlẹ́rìí ńkọ́? Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Ó gbé ojú sí ilẹ̀. "Ẹlẹ́rìí dákẹ́."

"Kí ló wá kù?"

"Ó máa ń rẹ́rìn-ín sórí ìgò, Bàbá. Itọ́ lè ta sí i."

"Ọkọ ọmọ mi, itọ́ rẹ̀ á sọ pé èèyàn lòun. Kò ní sọ pé ẹja lòun."

Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní, "O ò gbà á gbọ́?" Ó ní, "Mo gbà á gbọ́, sà. Mo kàn fẹ́ kó dájú ni." Ọ̀gá gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí Ṣọ́ra ò gbàgbé títí dòní. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o ṣe é. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá jáde lọ sọ pé a ṣì í, ipò yìí á sì kàn ọ́ bí gbogbo wa ti ń retí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn ni màá fi àga yìí lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí ohun tí gbogbo wa ò rí ló yẹ kó máa darí wíwá."

Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe dì. Ọwọ́ Ṣọ́ra gan-an ni wọ́n fi ọ̀bẹ lé, wọ́n sì ní kó gé iṣu náà dọ́gba.

Ó gbé ìgò, ó gbé ẹlẹ́rìí, ó dorí kọ odò. Inú ilé ìfọṣọ ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Ooru ń rú jáde lára àwọn ẹ̀rọ, àwọn obìnrin méjì méjì ń na aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ká a. Baba tó ń lọ aṣọ gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín yẹn dà?"

"Ó wà lọ́fíìsì."

"Ẹ bá wa kí i. Lọ́jọ́ tó wá, ó bá wa ká aṣọ kó tó lọ."

Obìnrin kan ní, "Ẹ̀yin náà ò bá dúró kí ẹ ká díẹ̀." Ṣọ́ra ní òun ò fẹ́ kí òwú aṣọ lẹ̀ mọ́ òun lára, ó lè ba iṣẹ́ òun jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò rí bí ojú wọn ṣe yí padà. Ó gun òkè lọ, ó ń kùn bí oyin.

Ó bu omi, ó sẹ́ ẹ, ó gbé e fún ẹ̀rọ. Ìbílẹ̀. Ẹlẹ́rìí dákẹ́.

Ó ní ó ti rẹ ẹ̀rọ náà. Ó gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn ní òdìkejì ìlú, níbi tí ẹran ara ẹja ìbílẹ̀ kankan ò sí ní fìrísà wọn. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n yá a ní ẹ̀rọ. Ìbílẹ̀ náà ni. Ẹlẹ́rìí ò fọhùn.

Ó padà wá, ó ní bóyá àdàlù ni, bóyá ìyá wọn ni ìbílẹ̀, tí bàbá wọn sì jẹ́ àlejò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owú lásán o. Àmì tí wọ́n ti wò tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, kò sì lè sọ ẹni tí bàbá ọmọ jẹ́. Àwọn àmì mìíràn wà tó ń sọ ti ìyá àti ti bàbá pọ̀. Ṣùgbọ́n omi lásán ò tó fún ìyẹn, ẹja alààyè ni wọ́n nílò. Ṣọ́ra gbé àwọ̀n kékeré lọ, ó mú díẹ̀ nínú wọn, ó gé etí lẹbẹ́ wọn bíńtín, ó sì dá wọn padà sínú omi. Bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ó ń gbàdúrà kí wọ́n jẹ́ àdàlù. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó ń fi gbogbo ọkàn tọrọ àgbèrè ẹja bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló fẹ́ gbé e fún ẹ̀rọ. Gbogbo wọn ti jáde lọ jẹun. Yàrá pa rọ́rọ́, àfi fìrísà tó ń kùn. Ike tí ara ẹja wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ike omi ẹlẹ́rìí, tí wọ́n bù láti inú ìgò rẹ̀, wà níwájú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó sì gba ọjọ́ pípẹ́ kó tó lè sọ ọ́.

Ó rí i pé ẹ̀kán kan péré ló kù. Bí ẹ̀kán kan bá ti ara ẹja bọ́ sínú ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí á sọ̀rọ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ṣọ́ra, ẹni tí tirẹ̀ ò sọ̀rọ̀ rí, gbogbo ayé á ní ilé àyẹ̀wò náà ti dọ̀tí, omi Ọlọ́yàyà náà ti dọ̀tí, ẹja ìbílẹ̀ ò sí níbì kankan. Àga á padà sí ibi tó yẹ kó wà. Kò sí ẹni tó máa fura sí i. Ta ni yóò fura sí Ṣọ́ra?

Ó dìde. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ tuntun. Ó fi oògùn apakòkòrò nu orí tábìlì, ó nu ún lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi ẹnu tuntun sí pìpẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí ìdérí ẹlẹ́rìí, ó sì dá èémí dúró bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kí èémí òun má baà kó nǹkan sí i. Ibẹ̀ ló ti rí ara rẹ̀. Ó ti fọ gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní kó tó lè dọ̀tí nǹkan kan. Ó ń ṣọ́ra kí ìdọ̀tí má bọ́ sínú omi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ da ìdọ̀tí sí. Ó ní òun gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà ò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó pàṣẹ fún un, kò gbọ́.

Ìgbà náà ni ìlẹ̀kùn ṣí. Ọlọ́yàyà ló wọlé, ó gbé àwo oúnjẹ kan dání, ó fi òmíràn dé e.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹun. Mo bù ú kúrò nínú tèmi, ẹ má rò pé mo ra nǹkan fún yín." Ó rí ike náà. "Háà, ẹ ti ṣí ẹlẹ́rìí?"

"Mo ti ṣí i."

"Ṣé nǹkan kán sí i ni?"

"Nǹkankan ò kán sí i."

"Ẹ dé e padà nígbà náà. Bí ẹ bá ti ní nǹkankan ò kán sí i, nǹkankan ò kán sí i nìyẹn."

Kò wo ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá irọ́ ni. Ó kàn ń wá ibi tó máa gbé àwo sí. Àna mi sọ fún mi pé bó bá fura sí òun, òun ì bá dé ike náà, kí òun sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́, ó sì jẹ́ pé ní òótọ́, nǹkankan ò kán sí i. Ara rẹ̀ ò gbà á.

Ó ní, "Rárá. A máa dà á nù. Gbogbo ẹ̀."

"Ti ẹja náà?"

"Ti ẹja náà. Mo ṣí i láìtọ́. A máa padà lọ sí odò."

"Nítorí ìdérí?"

"Nítorí ìdérí."

Ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Ṣọ́ra lóòótọ́." Kí Ṣọ́ra tó sọ pé òun fẹ́ dá lọ, ó ti gbé korobá.

Wọ́n jọ gun òkè náà. Àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ hó nígbà tí wọ́n rí Ọlọ́yàyà, wọ́n fún un ní aṣọ ká, ó ká méjì, ó sì gbé etí aṣọ kẹta fún Ṣọ́ra di mú. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó dì í mú. Baba tó ń lọ aṣọ ní, "Ṣé ẹ rí i, kò pa yín." Lórí òkè, wọ́n ju àwọ̀n, ẹja kan sì bọ́ sínú korobá. Ó kéré, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ dù. Ṣọ́ra tẹjú mọ́ ọn. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní, ṣé nítorí ìwọ ni.

Ọlọ́yàyà ní, "Ó jọ bàbá kan ládùúgbò wa tó máa ń gbé àga jókòó sẹ́nu géètì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ṣọ́ra. Ó gbé e mì. Ó ní òun ò fẹ́ fi ìyẹn náà fún un.

Wọ́n padà, Ṣọ́ra gbé e fún ẹ̀rọ. Ẹlẹ́rìí dákẹ́. Àwọn ẹja náà jẹ́ ìbílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá, wọ́n jẹ́ ìbílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá, kò sí àlejò kankan láàrin wọn. Àwọn àmì náà tún fi hàn pé agbo kékeré ni wọ́n, mọ̀lẹ́bí ni gbogbo wọn, ó sì ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn níbẹ̀ láìrí ojú ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáàbò bo odò yẹn, ìran wọn á parẹ́. Ṣọ́ra gbé èsì náà lọ fún ọ̀gá bí ẹni tó ń gbé ẹ̀wù ìgúnwà lọ fún ọ̀tá rẹ̀.

Àwọn àlejò wá láti yunifásítì àti láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò, wọ́n jókòó yí tábìlì gígùn kan ká. Mo ní kí Ṣọ́ra sọ bí aṣọ wọn ṣe rí, ó ní òun ò rí aṣọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin gíga kan tí ọ̀rọ̀ ń ti imú rẹ̀ jáde, ní, "Ilé àyẹ̀wò tó ní ẹran ara ẹja yìí ní fìrísà. Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìdọ̀tí?"

Ọ̀gá yíjú padà. Ó na ọwọ́ sí Ṣọ́ra. Ó ní, "Ẹ bi ọkùnrin yìí. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ṣọ́ra ní ìgbà yẹn ló tó yé òun. Bàbá náà ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Ó dìde. Wọ́n bi í nípa ìbọ̀wọ́, ó dáhùn. Wọ́n bi í nípa ẹ̀rọ, ó sọ ti ẹ̀rọ tó yá. Wọ́n bi í nípa àdàlù, ó sọ ti etí lẹbẹ́ ẹja. Wọ́n bi í pé ṣé kò sí ìgbà kankan tí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀, ó ní kò sí, ìgbà kan tilẹ̀ wà tí òun da gbogbo iṣẹ́ nù nítorí ìdérí lásán. Ìbéèrè tán lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ìṣó ló ń fi kan àga náà mọ́ ìdí ẹlòmíràn, ó sì mọ̀, ó sì ń kàn án lọ, torí ìbéèrè tó bá ní ìdáhùn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀.

Ìjọba sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí etí omi náà mọ́. Ọlọ́yàyà gba àga. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ó sọkún díẹ̀, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́ kí iṣẹ́ mi lè dúró. Bí kì í bá ṣe òun, àfẹnusọ lásán ni ì bá jẹ́." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún Ṣọ́ra. Ọmọ mi wà níbẹ̀, òun ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ó wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì. Mo gbé omi fún un, ó mu ún láìwo inú ife.

"Bàbá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ṣé kò dáa ni?"

"Ì bá bú mi. Ì bá ní mo ṣe ìlara òun. Màá mọ ohun tí màá ṣe sí ìyẹn. Ìyàwó mi ń sọ pé òun ò mọ̀ pé mo ní ọkàn rere tó bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Má sọ nǹkankan. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ìyàwó máa ń yin ọkọ."

"Mo rò pé bó bá ti parí, owú náà á lọ. Mo ń rí ọmọ yẹn nídìí àga náà, ó ń dùn mí níbí." Ó fọwọ́ kan àyà. "Ó sì ń ṣe é dáadáa, Bàbá. Ó ti ń ṣe é ju bí mo ṣe máa ṣe é lọ."

Mo bu omi kún ife rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnu mi lè fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í ṣaláì rí nǹkan sọ.

Ó gbé ife kalẹ̀. "Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá òòrẹ̀ báyìí. Èèyàn kì í rí i, òru ló ń jẹ̀. Irun àti ìgbẹ́ rẹ̀ la máa fi mọ iye agbo tó kù nínú igbó."

"Ta ló máa darí ẹ̀?"

"Òun ni." Ó dìde, ó ta eruku kúrò lára ṣòkòtò. "Ṣùgbọ́n ihò àpáta kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé. Mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ fún un. Lọ́la ni mo ń lọ, kí wọ́n tó jí."

"Ọkọ ọmọ mi, ṣọ́ra o."

Ó ti ń wọ bàtà.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Àfi nǹkan kan péré, kí eyín mi lè sinmi: ẹsẹ̀ awò ojú ọ̀gá wọn ò kán rí, méjèèjì ló pé, kò sì sí òwú kankan níbẹ̀. Èmi ni mo so ó mọ́ ọn.